Òkúta Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Rẹ Wà Lórí Èbúté

Hollett's Tickle,
Ọjọ́ Ajé, oṣù kẹjọ ti ń parí lọ.

Selby ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, torí bí mo bá fi ìkíni ṣáájú, mo mọ ara mi, n ó máa kí ọ títí n ó fi gbàgbé láti sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwòrán ìkẹyìn tí gbogbo wa fẹ́ yà lórí èbúté yìí, o ò ní sí nínú rẹ̀. Mo ti sọ ọ́. Ọwọ́ mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ nítorí rẹ̀. Mo ń bó ọ̀dùnkún lánàá, èrò yìí gbé mi lọ, mo ń bó o, mo ń bó o, nígbà tí n ó fi mọ̀, ọ̀dùnkún tó tó ìkúùkù ti di ohun tí kò ju ẹyin ológoṣẹ́ lọ. Bàbá rẹ yọjú wo inú ìkòkò, ó ní ṣé ẹyẹ la fẹ́ fún lóúnjẹ ni.

Ó yá, wá gba ìkíni rẹ. Ṣé o jí ire? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Toronto ńkọ́, ṣé ariwo rẹ̀ ń jẹ́ kí o gbọ́ ohùn ara rẹ? Kí Ọlọ́run tó ń mú ọkọ̀ ojú omi la kùrukùru kọjá máa mú àpótí irin tó ń gbé ọ lọ sí àjà kẹtàlélógún gòkè lálàáfíà, kí okùn rẹ̀ má já lọ́jọ́ tí o bá wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n bi ọ́ pé ta ló ń yẹ okùn náà wò, torí òun ò rí ọ̀gá ọkọ̀ kankan rí tó máa fi ẹ̀mí rẹ̀ kọ́ sórí okùn tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Jọ̀ọ́ dá a lóhùn, ó ń retí èsì.

Àwa náà ń mí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi. Èso pupa ti pọ́n lórí òkè ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, mo ti ká tó láti se jáàmù, àfi pé n ò mọ ilé tí a ti máa jẹ jáàmù náà. Àǹtí Triffie ti pa gbogbo adìẹ rẹ̀, ó ní òun ò lè kó adìẹ lọ sí ìlú tí ẹyin ti ń wá láti inú páálí, ojú á máa ti àwọn adìẹ náà. A fi ọ̀kan jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó le bí ìwà ẹni tó ni ín.

Ilé mẹ́rìnlá la kù, ìwọ náà mọ̀. Nígbà tí ìjọba ní kí a dìbò, bóyá a ó kúrò kí wọ́n san owó ilé fún wa, tàbí a ó dúró kí ọkọ̀ máa wá nígbà tó bá wù ú títí tí kò fi ní wá mọ́, bàbá rẹ ló gbé ìwé tirẹ̀ sínú àpótí kẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Kò sọ ohun tó kọ sí i fún mi. Ó kàn wọlé wá jókòó ní ilé ìdáná pẹ̀lú bàtà ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, o sì mọ̀ pé láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, bàbá rẹ kò wọ bàtà wọ ilé ìdáná mi rí. N ò bá a wí. Mo fi aṣọ nu ilẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Wọ́n ní ọkọ̀ ìkẹyìn á wá kó wa lọ ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án. Tí ọkọ̀ yẹn bá ti ṣí, wọ́n á gé iná. Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn gan-an, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa á tò sórí èbúté, ilé kọ̀ọ̀kan lápá tirẹ̀, a ó sì ya àwòrán.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ẹnìkan nínú wa sáà fi fóònù yà á. Rárá o. Ẹni tó bá yà á kò ní sí nínú rẹ̀, ìyẹn sì ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ yìí láti ìgbà tí o ti ra kámẹ́rà àkọ́kọ́. Mo ṣí àpótí àwòrán wa lọ́jọ́ kan. Ìwọ lo ya ọjọ́ tí bàbá rẹ kun ọkọ̀ ní àwọ̀ ewé, ìwọ lo ya ìyá ìyá rẹ pẹ̀lú àkàrà ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìwọ lo ya gbogbo Kérésì. Nínú gbogbo rẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín sí ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀. Àjèjì tó bá rí àpótí náà á ní ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí láyé mi, ìyẹn Loretta ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ó ku èyí tí o fẹ́ yà ní ìgbéyàwó Loretta. O gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wá nígbà náà láti fi gbé kámẹ́rà dúró, ó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ àkọ̀, o ní o rà á nítorí pé ó wọ inú báàgì ọkọ̀ òfuurufú. O gbé e ka èbúté, o na ọrùn rẹ̀ sókè gan-an, o tẹ kámẹ́rà, o ní ó máa ka mẹ́wàá kó tó yà, o sì sáré bọ̀ wá sí àárín èmi àti bàbá rẹ. Bàbá rẹ ti na apá fún ọ. Mo rí i. Díẹ̀ ló kù kí o dé ọ̀dọ̀ wa tí atẹ́gùn gúúsù fi fẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó sì ṣubú sínú omi tòun ti kámẹ́rà. Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, àní àlùfáà pàápàá. Ìwọ ò rẹ́rìn-ín. O dúró létí èbúté, o ní kò sí nǹkan tó ń dúró níbi burúkú yìí, ohun gbogbo ló ń ṣubú níbí. Bàbá rẹ ká apá rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́. Kò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, kò sì tíì dá ọ lóhùn títí di òní, ṣùgbọ́n má rò pé kò gbọ́.

Nítorí náà, nígbà tí o pè é lóṣù tó kọjá, tí o bi í pé irú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wo ló fúyẹ́ tí ènìyàn lè gbé rìnrìn àjò, tí atẹ́gùn etíkun kò sì ní lè gbé ṣubú, ó di fóònù mú bíi pé ẹyin ni. Ó ní òun máa rò ó. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ó ní Dorcas, ọmọ ń bọ̀ wálé. Mo ní ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn etíkun wo ni ọmọ náà tún mọ̀ lẹ́yìn tiwa?

Láti ọjọ́ náà ni ilé yìí ti di ilé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. A lọ sídìí kọ̀ǹpútà tó wà nílé ìfìwéránṣẹ́, Melvina tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì bá wa ṣí ọjà tó wà nínú rẹ̀. Ọjà tí kò lóòórùn, tí kò láriwo, tí o kò lè fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, kí o sì tó sanwó wọ́n ti fún ọ ní kẹ̀kẹ́ tí o máa fi kó ẹrù, bẹ́ẹ̀ orí àga lo jókòó sí. Bàbá rẹ ní kí Melvina bi ọlọ́jà náà pé ọmọ ta ni. Melvina ní kò sí ẹnìkankan níbẹ̀, Ọ̀gá Ambrose, ìràwọ̀ ni kí ẹ máa wò. Ìràwọ̀, lọ́sàn-án gangan! Lóòótọ́ ìràwọ̀ wà níbẹ̀, mẹ́rin àti ààbọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí sì ti kọ ẹ̀rí sábẹ́ rẹ̀ bí ẹní ń jẹ́rìí nílé ìjọsìn. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan tí ń jẹ́ Doug kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ lórí òkè, òun nìkan ló wà níbẹ̀, inú òun sì bàjẹ́ púpọ̀. Mo gbé orúkọ Doug lọ síwájú ìjọ, a gbàdúrà fún un, Àǹtí Triffie sunkún, kí Loretta tó wá sọ fún mi lórí fóònù pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ṣẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ Doug. Mo ní kò burú, àdúrà kì í ṣòfò, kò sí kí Doug má ní ibì kan tó ń dùn ún.

Èyí tó fúyẹ́ jù níbẹ̀, èédú ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, carbon, wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́. Mo ní á kun ọmọ láṣọ, bàbá rẹ ní òun ò ro ti aṣọ, iná ni òun ń rò, torí ta ló ń gbé èédú wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà la tún rí i pé orí rẹ̀, ibi tí kámẹ́rà máa jókòó sí, kò sí lára rẹ̀. Orí lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, orí náà sì wọ́n ju ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Níbí, ẹni tó bá ta pánlá tí kò lórí fún ọ á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.

Mo fi owó tí mo rí lórí jáàmù ọdún tó kọjá ra ọ̀kan fún ọ. N ò sọ fún bàbá rẹ. Mo yan èyí tí wọ́n ní ó lágbára, ó sì wọ àpò, torí ohun méjèèjì tí o sọ náà nìyẹn. Nínú àwòrán, ó ga bí òpó wáyà. Ọkọ̀ gbé e dé, Selby, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bàbá rẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì, ó wò ó pẹ́, ó ní Dorcas, ṣé ó ṣì máa dàgbà ni?

Ó wá ní kí n kọ ìmọ̀ràn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní bí o bá fẹ́ mọ gíga rẹ̀, wo gíga rẹ̀ kí o tó na ọrùn rẹ̀, torí ẹni tó na òpó sókè nínú ìjì, ìjì ló ń pè. Ó ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ po lọ́nà mẹ́ta sàn ju èyí tí wọ́n ṣẹ́ po lọ́nà márùn-ún, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀ nínú àpò, torí oríkèé ni nǹkan ti ń yẹ̀, kí o wo orúnkún ìyá rẹ. Ó ní ohun tó ń de oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí o lè yí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí o sì máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án tí o bá ti etí òkun dé, torí iyọ̀ ò mọ ohun olówó ńlá. Ó ní kí o fi ọ̀dà kun ẹsẹ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń kun ìdí ọkọ̀. Melvina ní ìyẹn ò tọ̀nà, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́, kó má baà ní mo gé ọ̀rọ̀ òun kù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní kí o rí i dájú pé ìkọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níbi tí a lè so òkúta rọ̀ sí. Ó ní kò sí ohun fífúyẹ́ tó lè dá dúró nínú atẹ́gùn, àfi kó ní ohun wíwúwo kan tó so mọ́. Mo bi í pé ṣé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń sọ. Ó ní kí n sáà kọ ọ́.

Kò fi mọ sórí ìmọ̀ràn. O rántí ìdákọ̀ró òkúta bàbá bàbá rẹ, ti kékeré, èyí tí wọ́n fi igi ká òkúta mọ́ bí ẹyẹ nínú àgò, tí wọ́n fi ń di àwọ̀n mú. Ilé kọ̀ọ̀kan níbí ló ní òkúta tirẹ̀, ẹnìkan kì í sì í yá ti ẹlòmíràn. O ti fi tiwa ṣe àga jókòó rí nígbà tí o kéré. Bàbá rẹ gbé e jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó gé igi tuntun sí i, ó fi okùn tuntun dì í, ó sì ta á ní kókó tó kọ́ ọ títí tó sú òun àti ìwọ. Ó ń kọrin bó ṣe ń ṣe é. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀, mo ti gbàgbé pé ohùn rẹ̀ kò dára.

Orin yẹn ló ń kọ lọ́wọ́ tí Loretta fi pè láti Alberta, pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì òun àti àwọn ọmọ. Mo ní kó gbọ́ ìròyìn ayọ̀, àbúrò rẹ̀ náà ń bọ̀. Ó ní Mọ́mì, ṣé Selby ò tíì sọ fún yín ni? Ó ní o ti gbé e síta lórí fóònù fún gbogbo ayé rí, pé Iceland lò ń lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n gbé iṣẹ́ fún ọ kí o lọ ya àwọn abúlé apẹja tí àwọn ènìyàn ti kó kúrò, tí ilé ibẹ̀ ṣófo, tí koríko ti hù gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó ń sunkún.

Ọmọ mi, o fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú kọjá lórí wa lọ wo ilé ṣófo ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ilé ṣófo lò ń wá, ṣe sùúrù di ọjọ́ Ẹtì, tiwa náà á ṣófo, koríko wa kì í sì í pẹ́ hù. Àbí kí a kọ́kọ́ kú ká tó yẹ fún kámẹ́rà rẹ? N ò ní pa èyí rẹ́. Mo ti kọ ọ́, kó wà níbẹ̀.

Mo sọ fún bàbá rẹ. Mo rò pé á bínú, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú, kí n lè rí ẹni bá mi bínú. Ó ní Iceland yẹn, ṣé atẹ́gùn wà níbẹ̀? Mo ní atẹ́gùn ibẹ̀ ju tiwa lọ. Ló bá gbé òkúta náà lé èjìká, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní kí Melvina fi ránṣẹ́ sí ọ kíá kí o tó lọ. Melvina gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní Ọ̀gá Ambrose, òkúta lẹ ń fi ránṣẹ́ lọ sí Iceland? Ṣé òkúta wọ́n níbẹ̀ ni, àbí ó fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀? Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ní ènìyàn kì í fi ohun iyebíye rẹ̀ so mọ́ òkúta tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Melvina lẹ sítáǹbù mọ́ ọn.

Èmi ni mo padà lọ gbà á kí ọkọ̀ tó gbé e. Bàbá rẹ ò mọ̀, ó rò pé ó ti wà lọ́nà, ó ń wo ojú omi, ó ń sọ pé ó ti yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ báyìí. Òun lè gbé òkúta ilé rẹ̀ tẹ̀lé ọ lọ síbi tí o sá lọ. Èmi kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e pamọ́ sí igun èbúté, mo da páálí ẹja bò ó.

Ibi tí lẹ́tà dé yìí ni àwọn ìyá mìíràn ti máa ń tọrọ owó, èmi náà á sì tọrọ tèmi. Bàbá rẹ nílò bàtà ìlú, torí wọ́n ní ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá wọ bàtà rọ́bà wọ báńkì. Ṣùgbọ́n má fi owó náà sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kọjá, fóònù ní kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ ajá wa àkọ́kọ́. Mo ní kí ló kàn án níbẹ̀, ta ló rán an, mo sì pa á. Bí owó bàtà àti owó ọkọ̀ rẹ kò bá lè pọ̀ papọ̀, jẹ́ kí bàbá rẹ wọ bàtà rọ́bà lọ sí báńkì, kí o fi gbogbo owó náà wọkọ̀ wálé.

Àlùfáà tuntun ni yóò ya àwòrán náà bí o kò bá wá. Ó ní kámẹ́rà, kì í sì í ṣe ará ibí, kò sí ẹni tó máa sàárò rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí o bá wá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yòówù kí o rà, ìbáà jẹ́ ti èédú, gbé e ka èbúté, má na ọrùn rẹ̀, so òkúta náà rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, tẹ kámẹ́rà kó máa kà, kí o sì sáré wá. Àyè rẹ wà láàárín wa. Bàbá rẹ á tún na apá, mo mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá wá, n ó ṣí páálí ẹja kúrò, n ó gbé òkúta náà fúnra mi, n ó gbé e sí àyè rẹ, a ó sì dúró yí i ká, a ó rẹ́rìn-ín. Mo wò ó lórí ìwọ̀n Melvina nígbà tí mo lọ gbà á. Ìwọ̀n tí o wọ̀n lọ́jọ́ tí mo bí ọ náà ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí ó fún ọ ní ọmọ tó máa pè ọ́, kí ó sì fún ọ ní etí tí o máa fi gbọ́ ọ nígbà tó bá pè. Ibikíbi tí o bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí, kí atẹ́gùn mọ̀ pé o lẹ́ni.

Èmi Dorcas ìyá rẹ ni mo kọ ọ́, bàbá rẹ sì ń kí ọ, ó ní ṣé òkúta ti dé. Kọ̀wé sí mi kíákíá, Selby, àní bó bá jẹ́ láti sọ pé o ò wá, torí lẹ́yìn ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Melvina á ti ti ilẹ̀kùn pa, bí o bá sì kọ Hollett's Tickle sára lẹ́tà, wọ́n á dá a padà fún ọ pé kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ nísinsìnyí tí ibẹ̀ ṣì wà.